Èéfín tí ojú kò rí, igbó tí ojú ń rí: ohun tí ètò ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn túmọ̀ sí fún Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Nígbàkígbà tí rédíò bá ti kéde pé ìjọba fẹ́ dín èéfín kù, àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní agbègbè wa ni ọkàn wọn máa ń kọ́kọ́ dàrú. Ìyá kan tó ti ń yan gàrí ní Àtàn láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n fẹ́ ká má dáná mọ́ ni? Bí wọ́n bá ní kí n má fi igi yan gàrí mọ́, ta ni yóò máa ra gáàsì fún mi?" Ìbéèrè wọn tọ̀nà. Wọ́n gbọ́ ohun tí rédíò sọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kò ṣe kedere, nítorí pé láàárín ìṣẹ́jú kan olùkéde ti sọ̀rọ̀ nípa èéfín, nípa igi gbígbìn, nípa igbó ìjọba àti nípa bọ́ọ̀sì tó ń lo gáàsì, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Mo fẹ́ tú wọn palẹ̀ níbí, kí ẹni tó bá tún gbọ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lè mọ èyí tó kan òun, kí ó sì mọ ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣojú wa ní Abẹ́òkúta.

Èéfín wo ni wọ́n ń sọ?

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń lò ló kọ́kọ́ ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà. Ohun tí à ń pè ní èéfín ni èyí tó ń rú túú lójú àdògán, tó ń ta ènìyàn lójú, tó sì ń sọ àjà ilé ìdáná di dúdú. Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ń lé kiri kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀ ni, kò ní òórùn, kì í ta ojú, kì í sì í pọ́n aṣọ. Carbon dioxide ni orúkọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kábọ́ònù ni èmi yóò máa pè é. Jẹnẹrétọ̀ tuntun tí kò rú èéfín kankan lójú ẹni tó rà á ń tú u jáde ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Èéfín dúdú tó ń ta ojú náà burú, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn jẹ́, ó sì yẹ kí ìjọba bá wọn wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera nìyẹn ní pàtàkì. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, a lè yọ̀ pé èéfín ti tán nígbà tó jẹ́ pé èyí tí ojú rí nìkan ló tán.

Afẹ́fẹ́ kábọ́ònù yìí dà bí aṣọ tí a fi bo ayé. Ìtànṣán oòrùn ń wọlé, ṣùgbọ́n ooru tí ilẹ̀ fẹ́ dá padà sókè kò rí ọ̀nà jáde tó bó ṣe yẹ, nítorí náà ayé ń gbóná díẹ̀díẹ̀, òjò sì ń yí àkókò rẹ̀ padà mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú èyí tó bá ti gòkè lọ kì í tètè kúrò níbẹ̀; ó lè wà níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fojú inú wo àmù omi ńlá kan tí ìdí rẹ̀ ń jò tótó, tí a sì ń fi korobá da omi sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí a bá dín korobá mẹ́wàá kù sí mẹ́jọ, àmù náà ṣì ń kún, àfi pé kò kún kíákíá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí gbólóhùn náà "a ó dín èéfín kù" ń sọ nìyẹn gan-an. Kò sọ pé omi inú àmù yóò fà.

Ó dára kí a mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú, nítorí pé tọ́ọ̀nù ni gbogbo ìwé ètò ń kà. Bí ènìyàn bá jó lítà epo pẹtiróò kan tán, afẹ́fẹ́ kábọ́ònù tó jáde yóò wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 2.3, bẹ́ẹ̀ ni lítà epo náà fúnra rẹ̀ kò tó kìlógíráàmù kan. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé ohun tó jáde wúwo ju ohun tó wọlé lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé bí kábọ́ònù inú epo ṣe ń jó ló ń so mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, ìwúwo ọ́síjìn yẹn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Igi náà bẹ́ẹ̀. Bí a bá mú igi gbígbẹ tó wọn tọ́ọ̀nù kan, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni kábọ́ònù. Bí a bá sì sun ún di eérú, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1.8 afẹ́fẹ́ kábọ́ònù ni yóò gòkè lọ. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà sí i nígbà tí a bá wọ inú igbó.

Dín kù ju ti kí ni lọ?

Ibi tí mo rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà jù lọ nìyí. Ní ọdún 2021, Nàìjíríà sọ fún àjọ àgbáyé pé kó tó di ọdún 2030, òun yóò fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín ohun tí òun ń tú jáde kù pẹ̀lú agbára ara òun, àti pé bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn bá ràn án lọ́wọ́, yóò di ìdá 47. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò rò pé bí a bá ń tú ọgọ́rùn-ún jáde lónìí, ọgọ́rin ni yóò kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀ nígbà náà ni iye tí à bá tú jáde ní ọdún 2030 ká ní a kò ṣe nǹkan kan sí i rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi alágbẹ̀dẹ kan ṣe àpẹẹrẹ. Àpò èédú mẹ́wàá ló ń sun lóṣù lónìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ń gbèrú, ó sì mọ̀ pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, yóò máa sun ogún àpò nígbà tó bá yá. Ó wá ṣèlérí pé òun yóò fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín èédú kù. Ìdá 20 nínú ogún àpò jẹ́ àpò mẹ́rin, nítorí náà àpò mẹ́rìndínlógún ni yóò sun. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, síbẹ̀ èédú tó sun ju ti ìsinsìnyí lọ ní àpò mẹ́fà. Èmi kò pe èyí ní ẹ̀tàn. Orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ilé kò tíì rí iná mànàmáná lò dáadáa kò lè ṣe bí ẹni pé òun ti yó, kí òun wá máa gbààwẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí ìpínlẹ̀ kankan bá kéde ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu ẹni tó ń gbọ́ ni ti ọdún tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, àti bóyá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀ tàbí ohun tí wọ́n fojú inú wò.

Gbólóhùn kejì tó ń da ènìyàn láàmú ni "òdo". Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde ní ìlú Glasgow pé Nàìjíríà yóò dé òdo ní ọdún 2060, ó sì fọwọ́ sí òfin orílẹ̀-èdè lórí àyípadà ojú ọjọ́ nínú oṣù náà gan-an. Òdo yìí kò túmọ̀ sí pé kò ní sí iná tàbí ọkọ̀ mọ́. Ó túmọ̀ sí pé ohun tí a bá ń tú jáde kò ní ju ohun tí igi, ilẹ̀ àti àwọn ọ̀nà mìíràn ń fà mọ́ra lọ. Nípa báyìí ni igbó ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ èéfín, níbẹ̀ náà sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó rọrùn láti ka igi tí a fẹ́ gbìn sí apá kan ìwé ìṣirò, kí a sì gbójú fo igi tí a ń gé.

Ohun tí ọwọ́ ìpínlẹ̀ tó àti èyí tí kò tó

A kò lè dá ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́ bó ṣe yẹ bí a kò bá mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Epo rọ̀bì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, títí kan òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ṣàgámù, ìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti wà á. Ohun tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ni ilẹ̀, nítorí pé òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Igbó ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdọ̀tí ìlú, ọkọ̀ akérò, àṣẹ ilé kíkọ́ àti ọjà pẹ̀lú. Láti ọdún 2023 ni wọ́n sì ti tún òfin ṣe, tí ìpínlẹ̀ fi lè gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀ lórí pípèsè iná mànàmáná àti pípín in. Èyí tóbi ju bí àwọn ènìyàn ṣe kà á sí lọ, nítorí pé bí iná kò bá dúró, kò sí ìlérí kankan tí yóò mú kí ará Ìjẹ̀bú-Òde pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ tì.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀sì tó ń lo gáàsì tí wọ́n fún mọ́ inú sílíńdà, CNG, ṣe ọkọ̀ akérò. Gáàsì yìí ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ònù jáde tó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kéré sí ti epo pẹtiróò. Ó dín in kù, kò pa á rẹ́. Bí ó bá sì ń jò kó tó jó, èrè rẹ̀ lè pòórá, nítorí pé methane ni gáàsì náà, láàárín ogún ọdún sì ni methane fi ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po tó ju ọgọ́rin lọ, tí a bá fi ìwúwo rẹ̀ wé ti afẹ́fẹ́ kábọ́ònù. Methane yìí náà ló ń jáde láti inú òkìtì ìdọ̀tí nígbà tí oúnjẹ àti ewé bá ń jẹrà nísàlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Nítorí náà kíkó ìdọ̀tí àti yíya èyí tó ń jẹrà sọ́tọ̀ wà lára ètò èéfín, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń fi ṣe ìkéde.

Ti sìmẹ́ńtì ló le. Àwa tó sún mọ́ Ṣàgámù ti mọ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa sì rò pé èéfín rẹ̀ kò ju ti epo tàbí gáàsì tí wọ́n fi ń dáná níbẹ̀ lọ. Òkúta ẹfun fúnra rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kábọ́ònù wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi iná líle sun ún, òkúta náà máa ń tú afẹ́fẹ́ yìí sílẹ̀ kí ó tó di ohun tí wọ́n ń lọ̀ ní sìmẹ́ńtì. Nínú gbogbo ohun tó ń jáde nídìí ṣíṣe sìmẹ́ńtì, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ló ń ti inú òkúta wá, ìyókù ló ń ti inú iná. Kódà bí wọ́n bá fi oòrùn sun ún, ti inú òkúta yóò ṣì jáde. Ọ̀nà kan tó wà ni kí wọ́n dín iye òkúta sísun inú àpò sìmẹ́ńtì kù, kí wọ́n lo nǹkan mìíràn bí amọ̀ tí wọ́n ti sun dípò rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kò lè pàṣẹ èyí lójú ẹsẹ̀. Òfin ọdún 2021 ló sọ pé ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ṣètò bí yóò ṣe dín ohun tó ń tú jáde kù, kí ó sì ní ẹni tí yóò máa mójú tó o. Ilé iṣẹ́ tí òfin yìí bá wí pọ̀ láti Ṣàgámù títí dé Ọ̀tà. Ohun tó yẹ kí ètò ìpínlẹ̀ sọ ni bí yóò ṣe máa gba ìròyìn lọ́wọ́ wọn, kí ó sì máa gbé e jáde fún ará ìlú kà.

Igbó Ọmọ, àti ohun tí rìsáfù túmọ̀ sí

Ọ̀rọ̀ igbó ló ká mi lára jù, n kò sì ní fi í pamọ́. Igbó Ọmọ, tí odò Ọmọ fún ní orúkọ, wà ní ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, ó sì lé ní 130,000 hẹ́kítà. Láti ọdún 1925 ni ìjọba ti fi òfin ya á sọ́tọ̀ ní rìsáfù, ìyẹn igbó ìjọba (forest reserve). Ẹni tó bá gbọ́ pé rìsáfù ni yóò rò pé igbó tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn ni, bíi igbó orò. Èrò yìí kò bá ìtàn mu. Àwọn òyìnbó amúnisìn ya irú igbó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kí gẹdú má baà tán, kí ìjọba lè máa pa owó lórí rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ gé igi yóò gba ìwé àṣẹ, yóò san owó, gáàdì igbó yóò sì fi òòlù sàmì sí ìtì igi kí ọkọ̀ tó gbé e jáde. Igbó tí a ń gé lábẹ́ òfin ni rìsáfù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Apá tí wọ́n sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn rárá jẹ́ 460 hẹ́kítà péré, láti àwọn ọdún 1940. Bí a bá pín gbogbo igbó náà sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, 460 hẹ́kítà kò tó ìdajì ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Nítorí apá kékeré yìí ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, ṣe kọ orúkọ Igbó Ọmọ sínú ètò rẹ̀ fún ìbágbépọ̀ ènìyàn àti ẹ̀dá ní ọdún 1977. Ètò yẹn máa ń pín ilẹ̀ sí mẹ́ta: àárín gbùngbùn tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, agbègbè tó yí i ká níbi tí ènìyàn ti lè ṣe ìwádìí tàbí mú nǹkan díẹ̀ láìba igbó jẹ́, àti agbègbè ìta níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé, tí wọ́n sì ń dáko. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán tí UNESCO yà kì í ṣe òfin ìpínlẹ̀. Bí òfin ìpínlẹ̀ kò bá ti orúkọ náà lẹ́yìn, kò lè dá kátápílà dúró.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní J4 nínú igbó náà. Nígbà tí ìjọba pinnu láti dá ilé iṣẹ́ bébà sílẹ̀ ní Ìwòpin ní etí omi Ìjẹ̀bú, wọ́n gé igbó àdáyébá lulẹ̀ nínú Igbó Ọmọ, wọ́n sì gbin mẹlínà, igi ilẹ̀ Éṣíà tó ń yára dàgbà, kí wọ́n lè máa fi í ṣe bébà. Ilé iṣẹ́ bébà náà kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe lérò. Mẹlínà wà níbẹ̀ ní ìlà ní ìlà, àwọn agégi sì sọ ọ́ di ọjà tiwọn. Nínú ìwé ìṣirò, ilẹ̀ tí igi bò ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá rìn wọ ibẹ̀ yóò rí i pé kò sí òro, kò sí arère, kò sí ìrókò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí igi ọmọ tí àwọn agbẹ́lù ń wá kiri láti gbẹ́ ìlù. Bí ìjọba bá sọ pé ìdá báyìí nínú ìpínlẹ̀ ni igbó, ó yẹ kí a lè béèrè èyí tó jẹ́ igbó àdáyébá àti èyí tó jẹ́ oko igi nínú rẹ̀.

Èyí ló mú mi padà sí tọ́ọ̀nù. Ìrókò kan tó ti dàgbà lè ní ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù kábọ́ònù nínú ìtì àti gbòǹgbò rẹ̀, èyí tó fi ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó jọ. Igi tí a gbìn lónìí, kìlógíráàmù díẹ̀ ló lè kó jọ láàárín ọdún mélòó kan, ìyẹn bí ewúrẹ́ kò bá jẹ ẹ́, bí ọ̀gbẹlẹ̀ kò bá pa á, bí ẹnikẹ́ni bá sì padà wá bomi rin ín lẹ́yìn ọjọ́ tí àwọn onífọ́tò lọ tán. Àjọ ni kí a fi wé. Igbó àtijọ́ ni owó tí àwọn baba ńlá wa dá fún ọgọ́rùn-ún ọdún, tó ń bẹ nínú àpótí báyìí. Igi gbígbìn ni owó ojoojúmọ́ tí àwa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Bí ẹnìkan bá fọ́ àpótí náà, tó kó gbogbo owó inú rẹ̀ ná, tó wá ń pariwo pé òun ti bẹ̀rẹ̀ àjọ tuntun, àwa Ìjẹ̀bú mọ owó kà ju pé ká pàtẹ́wọ́ fún un. Mo fara mọ́ igi gbígbìn. Ohun tí n kò fara mọ́ ni ètò tó ka igi tí a gbìn ní mílíọ̀nù, tí kò sì ní ojú ìwé kankan fún ìtì igi tí ọkọ̀ ń kó kọjá ní òpópónà Ṣàgámù sí Ọrẹ lóru.

Erin igbó ṣì wà nínú Igbó Ọmọ. Irú erin yìí kéré sí ti ilẹ̀ ọ̀dàn, àwọn àjọ àgbáyé sì kéde ní ọdún 2021 pé ó ti sún mọ́ àtirun pátápátá. Àwọn kan máa ń béèrè ohun tó pa erin pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ èéfín. Erin máa ń gbé èso ńlá mì lódidi, ó sì máa ń yàgbẹ́ kóró rẹ̀ sí ibi tó jìnnà sí ìdí igi. Òro tí a ń pa kóró rẹ̀ fi se ọbẹ̀ ààpọn wà lára àwọn èso bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹyẹ tó lè gbé irú kóró bẹ́ẹ̀ mì. Ọ̀pọ̀ igi tí erin ń gbìn báyìí jẹ́ igi líle tó ń kó kábọ́ònù púpọ̀ jọ, nítorí náà igbó tí erin bá tán nínú rẹ̀ yóò máa yí padà sí igbó igi fífúyẹ́ láti ìran kan dé èkejì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi àáké kàn án.

Ohun kan ṣì wà tí ó yẹ kí gbogbo ará Ìjẹ̀bú mọ̀. Ìwé ìkéde ìjọba ni wọ́n fi ya rìsáfù sọ́tọ̀, ìwé ìkéde kan náà ni wọ́n sì lè fi gé apá kan kúrò lára rẹ̀ fún oko ńlá, fún ọ̀nà tàbí fún ilé iṣẹ́. Kò pọn dandan kí ariwo wà níbẹ̀. Nítorí náà àwòrán ilẹ̀ tó fi ààlà rìsáfù hàn ṣe pàtàkì ju ìlérí tó wà nínú ìwé ètò lọ, ó sì yẹ kó wà níbi tí ọba, baálẹ̀ àti akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú ti lè rí i.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó inú igbó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ti wà níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé ìjọsìn síbẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló mú àgbẹ̀ wọ inú rìsáfù nígbà kan rí lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní táúngyà, níbi tí àgbẹ̀ ti ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ láàárín igi ìjọba títí tí igi yóò fi ga. Lílé wọn jáde lójijì lè mú kí wọ́n lọ gé igbó mìíràn níwájú, kí gígé igi má sì dín kù. Lójú tèmi, ètò tó bá máa ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà wọ́n, kí ó fi ààlà síbi tí oko wọn dé báyìí, kí ó sì fún wọn ní ìdí láti ṣọ́ ààlà náà, nítorí pé àwọn ló mọ ọ̀nà igbó ju gáàdì tó ń ti ìgboro wá lọ.

Ilẹ̀ tí kì í ṣe rìsáfù

Ìtọ́jú ilẹ̀ kò pin sí rìsáfù. Erédò Sùngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ tó yí Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ ga tó nǹkan bí 20 mítà, ni igbó hù sí nínú títí di òní. Orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí UNESCO láti ọdún 1995 kí wọ́n lè gbé e yẹ̀ wò. Àwọn tó ń wa iyẹ̀pẹ̀ kò wo èyí. Igbó orò àti igbó Agẹmọ tó wà káàkiri ìlú wa jẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n nínú wọn ni a ti ń rí igi tí ó ti tán ní ibòmíràn, ìlú ló sì ń ṣọ́ wọn láìgba owó oṣù. Ètò ìpínlẹ̀ lè kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè ta ilẹ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti etí odò Yemọjí, tí ilé ń sún mọ́ sí i lọ́dọọdún.

Owó kábọ́ònù

Ẹ ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí sí i, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tètè là á yé ara wa. Kírẹ́díìtì kábọ́ònù kan (carbon credit), ohun tí wọ́n ń tà tí wọ́n sì ń rà, dúró fún tọ́ọ̀nù kan tí a kò jẹ́ kó gòkè lọ. Ilé iṣẹ́ kan ní Yúróòpù lè sanwó kí a má gé apá kan nínú igbó, kí ó sì ka tọ́ọ̀nù tó tìtorí rẹ̀ wà nílẹ̀ sí tirẹ̀. Owó náà lè wúlò fún àwọn ìlú tó yí igbó ká. Àmọ́ tọ́ọ̀nù tí a bá ti tà fún orílẹ̀-èdè mìíràn kúrò ní tiwa. Àdéhùn Paris ti ọdún 2015 kò gbà kí ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á jọ kà á. Bí ìpínlẹ̀ bá ta gbogbo ohun tí igbó rẹ̀ ń fà mọ́ra, kò tún lè fi igbó kan náà sọ pé òun ti dín èéfín ọkọ̀ òun kù. Ìbéèrè mìíràn ni pé ṣé igbó tí wọ́n fẹ́ gbowó lé lórí wà nínú ewu ní tòótọ́? Ẹni tó gbowó kí ó má baà gé igi tí kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti gé kò dín nǹkan kan kù. Àdéhùn bẹ́ẹ̀ sì lè dè wá fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà ó yẹ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin rí i, kí àwọn ìlú tó wà létí igbó sì mọ iye tó máa tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.

Mo padà lọ sí Àtàn láti dá Màmá lóhùn. Mo sọ fún wọn pé kò sí òfin tó ní kí wọ́n má dáná, pé bí wọ́n bá ń sun ẹ̀ka igi tó ń hù padà nínú oko ẹ̀gẹ́ tiwọn, ohun tó ń jáde nínú iná wọn ni igi tuntun tó ń hù yóò tún fà mọ́ra, àti pé ààrò tó ń tọ́jú ooru, tí ń lo igi díẹ̀, ni ìrànwọ́ tó yẹ kí wọ́n béèrè, nítorí ojú wọn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn. Mo wá bi wọ́n léèrè ibi tí igi wọn ti ń wá. Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní láyé ìyá àwọn, ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ti ń ṣẹ́ ẹ. Ní báyìí, ọkọ̀ ló ń já a sílẹ̀ fún àwọn láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀nà J4 ló sì ti ń bọ̀.